Ìjì Márùn-ún Kò Ní Kúrò Nílé Mi

Mowé, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ọlágòkè ọmọ mi, Àkànní,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ṣé òtútù ò tíì pa yín tán lọ́hùn-ún? Tófúnmi ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́? Sọ fún wọn pé ìyá àgbà ń kí wọn, kí wọ́n má sì jáde láìwọ ìbọ̀sẹ̀.

O ti mọ̀ pé n kì í fẹ́ ká máa pariwo lórí fóònù. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé, kí n yà á ní fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà ní Ifọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi àmì ohùn sí i.

Ara mi le, a dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Abẹ́rẹ́ tí mò ń lò ti tán. Mo wá a dé Ìbafò, mo wá a dé ọjà Ifọ̀, kò sí. Bí kò sí abẹ́rẹ́ yìí, Àkànní, ọjọ́ máa ń gùn fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Jọ̀wọ́, bá mi rà á níbẹ̀, kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́.


Winnipeg, Kánádà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní.

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Gbogbo wa ń kí yín.

Màámi, abẹ́rẹ́ kí ni? Ta ló ń gún yín lábẹ́rẹ́, ìgbà wo ló sì bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àbí ìtọ̀ ṣúgà? Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo jáde lọ dúró nínú yìnyín láìwọ kóòtù, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Tófúnmi ní kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ abẹ́rẹ́ tí ò lórúkọ, pé kí ẹ kọ ohun tó wà lára páálí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀.

Ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Bàbá fi tiwọn pa mọ́ títí ó fi kọjá ohun tí dókítà lè ṣe. Mo ti pe Àǹkù Adéyanjú ní Ìbafò pé kí wọ́n máa yà wò yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Físà yín náà ti ń lọ. Bó bá jáde, ẹ máa wá gbé lọ́dọ̀ wa, kí ẹ̀mí mi lè balẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Ọlágòkè.


Mowé.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìíní.

Àkànní mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì bẹ̀ yín. Má bínú pé mo já ọ láyà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo orin ni o! Èyí tó máa ń rìn lórí àwo kí orin tó jáde. Kò sí àìsàn kankan lára mi.

Ọlọ́run kúkú gbọ́, àbúrò bàbá rẹ tí o rán níṣẹ́ dé lánàá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání. Ó bá mi lórí ijó. Mo ti rí abẹ́rẹ́ àlòkù kan yá, mo sì ń gbọ́ Ìjì Márùn-ún.

O ò mọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún láti Abẹ́òkúta ni wọ́n, tí wọ́n ń fi gìtá oníná kọ orin rọ́ọ̀kì lédè Yorùbá láti ọdún 1972 sí 1976. Àwo mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe, mo sì ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan ń sọ pé àwo kìíní ló dáa jù. Irọ́ ni. Nínú àwo kìíní, wọ́n ṣì ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń bínú ni. Àwo kejì dáa, ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìkẹrin, wọ́n ti fi fèrè kún un, ó wá dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé torí àlejò. Ìkẹta ni àwo! Nínú orin kejì ní ojú kejì àwo yẹn, Káyọ̀ tó ń ta gìtá ń sáré bọ̀ láti òkè, bẹ́ẹ̀ ni okùn kan já mọ́ ọn lọ́wọ́. O máa gbọ́ ọ, pà! Ẹlòmíì á dúró. Káyọ̀ ò dúró. Ó fi okùn márùn-ún tó kù parí orin náà, Lásúnkànmí onílù sì ń lu ìlù rẹ̀ sí gbogbo ibi tí okùn tó já yẹn ì bá ti dún. Wọn ò tún un ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Nígbàkígbà tí nǹkan bá já mọ́ èmi náà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń sá lọ.

Adéyanjú ò gbọ́ ìyẹn. Ó wo ẹ̀rọ àwo náà, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń jó sí nǹkan báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kó jókòó, kó mu omi. Kò mu ún.

Bá mi wá abẹ́rẹ́ náà, jọ̀wọ́. Àlòkù yìí ń ha àwo.

Ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́.


Winnipeg.
Ogúnjọ́, oṣù Kejì.

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ ni.

Àǹkù Adéyanjú ti pè mí tó ìgbà mẹ́fà. Wọ́n ní lójoojúmọ́, bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ariwo láti ilé wa. Wọ́n ní orin èṣù ni rọ́ọ̀kì, pé àwọn ará ìjọ ń béèrè ohun tó ń ṣe opó Ìyàndá. Ẹnì kan ti ya fídíò yín níbi tí ẹ ti ń jó lẹ́yìn ilé, nínú ẹ̀wù dúdú tí wọ́n ya ìjì sí láyà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi. Ẹ̀gbọ́n Tófúnmi fi ránṣẹ́ sí mi, ó fi àmì ẹ̀rín sí i nídìí.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìbógun lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàájì Zubair, pé ìrọ̀lẹ́ lẹ tó ń dé. Màámi, Bàbá ò tíì pé ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀. Ẹ sì ti ku ọdún méjì kí ẹ pé àádọ́rin. Kí ni mo fẹ́ sọ fún èèyàn?

Físà yín ti jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ kó àwọn àwo yẹn dànù kí ẹ sì máa múra ìrìn àjò. Mo ti ra abẹ́rẹ́ tí ẹ ní kí n rà. Inú dúróà mi ló wà. Mi ò ní fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Ọlágòkè.


Mowé.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì.

Ọlágòkè,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo dà á kọ sínú ìwé, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí o ti ní "Kí ni mo fẹ́ sọ fún èèyàn?" Èèyàn wo? Ṣé èèyàn ló bí ọ ni?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Ní ọdún 1975, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Bàbá mi ránṣẹ́ pé kí n wálé, pé ọkọ ti dé. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìjì Márùn-ún wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa. Mo ní kí n wò wọ́n díẹ̀ kí n tó lọ wọkọ̀. Wọ́n kọ orin tí wọ́n ń pè ní "Ẹ Jẹ́ N Kọjá":

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ n kọjá,
Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín.
Bí mo bá ṣubú, ilẹ̀ mọ orúkọ mi,
Ẹ jẹ́ n kọjá.

Mo gbé àpótí mi padà sí yàrá. N kò lọ sílé. Bàbá mi bínú sí mi fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n mo gba ìwé ẹ̀rí mi. Ìwé ẹ̀rí yẹn ló san owó ilé ìwé rẹ, ìwọ Ọlágòkè, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ.

Mo fẹ́ bàbá rẹ ní 1983. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta tí mo wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́ àwo, ó ní, "Nínú ilé Ìyàndá, a kì í gbọ́ orin ọmọ ìta." Kò pariwo. Ó kàn pa ẹ̀rọ náà, ó sì lọ jẹun. Mo di àwọn àwo náà sínú àpò ìrẹsì, mo gbé wọn lọ sílé màámi ní Ifọ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń gbọ́ wọn nínú orí mi, Àkànní. Nídìí ààrò, níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, lórí ìkúnlẹ̀ tí mo ti bí ọ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo sunkún rẹ̀ fún ọdún kan gbáko bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Ifọ̀, mo gbé àpò mi.

Ní ti Zubair: ó ti fẹ̀yìn tì níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbógun. Òun ló tún ẹ̀rọ mi ṣe. Nígbà tó rí páálí àwo kẹta, ó dárúkọ àwọn márààrún kí n tó lanu. A máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká máa jiyàn. Ó ní àṣìṣe ni okùn tó já, pé ó yẹ kí wọ́n tún un kọ. Mo sọ fún un pé etí rẹ̀ ti dípẹtà. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ohun mìíràn ni à ń ṣe ńkọ́? Opó ni mí, òun náà ò ní aya mọ́. Ta ni mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwọ tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà?

N kò ní kó àwo kankan dànù. Tọ́jú abẹ́rẹ́ rẹ.

Àjíbíkẹ́.


Winnipeg.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta.

Màámi,

Mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ní.

Mi ò mọ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Bàbá, mi ò sì fẹ́ bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń dàgbà, àwọn ọmọ ló máa ń ronú fún un nígbà míì. Mo ti ní kí Àǹkù Adéyanjú wá kó àwọn àwo náà kúrò nílé. Kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí, wọ́n á ti wá, wọ́n á sì ti lọ. Ẹ ó bínú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó rí i pé ìfẹ́ ni.

Ọlágòkè.


Winnipeg.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta.

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá dáadáa. Ẹ ò kọ̀wé, ẹ ò gbé fóònù. Àǹkù Adéyanjú ní ẹ dójú ti àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n ní kí n lọ bi ìyá mi. Àwọn ọmọ ń béèrè yín. Bó bá jẹ́ èébú lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́ wá, ẹ jọ̀ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí pọ̀ jù fún mi.

Ọlágòkè.


Mowé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin.

Ọlágòkè,

Mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo dákẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà náà, ìyá kì í sọ ọ́ sí ọmọ. Ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yẹn. Mo ń bọ̀ láti Ìbógun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí i pé orí pẹpẹ ṣófo. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n kó àwo lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni, àfi ìgbà tí mo ṣí fóònù tí mo rí lẹ́tà rẹ. N kò jókòó. Mo padà sójú títì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbafò.

Adéyanjú wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ti kó wọn sínú páànù tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí, ó ti da kẹrosíìnì lé wọn lórí, iná sì ti jó wọn tán. Ṣé o ti rí àwo tó jóná rí? Kì í di eérú. Ó máa ń yọ́ ni, á rọ wálẹ̀, á wá le gbagidi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo ní, "Ọkọ mi kékeré, kí lẹ ṣe yìí?" nítorí ohun tí mo ti ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yín ló ní kí n ṣe é." Mo wọkọ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú. Mo bọ́ síwájú, wọ́n fún mi ní máìkì. Adéyanjú jókòó láàárín àwọn alàgbà. Mo ní ẹ yin Olúwa, wọ́n dáhùn. Mo ní mo wá dúpẹ́ pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, Ọlọ́run fi orin kan gbà mí lọ́wọ́ ìgbéyàwó tí n kò fẹ́, pé mo pa orin náà mọ́ fún àádọ́ta ọdún, pé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Adéyanjú Ìyàndá tó jókòó síbẹ̀ yẹn fi kọ́kọ́rọ́ òkú wọlé mi, ó kó o, ó sì dáná sun ún. Mo pè é lórúkọ gbangba, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Pásítọ̀ dìde, ó nawọ́ sí máìkì. Mo ní, "Pásítọ̀, èmi ni mo kọ́ yín ní A, B, D ní Ifọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó jókòó.

Mo wá kọ ọ́. "Ẹ Jẹ́ N Kọjá," láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí gìtá, kò sí ìlù, ohùn mi sì ti gbó. Nígbà tí mo dé ibi tí gìtá ti máa ń dáhùn, mo sinmi, nítorí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ gìtá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Bàbá Ògúnlàdé ni, ẹni tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láti fi ìjókòó han èèyàn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó di ojú, ó ń fi ẹnu ta gìtá Káyọ̀, kò fo ibì kan. Màmá kan láti Àkútè gbà á lẹ́nu wa. Ẹlòmíì tún gbà á. Ìgbà tí a fi máa dé ẹsẹ kẹta, gbogbo àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ ló ń kọ ọ́, àwọn ọmọ wọn ń wò wọ́n bí ẹni rí àlejò. Ọlágòkè, mo wo Adéyanjú. Ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀! Nígbà tó rántí ara rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.

Àwọn alàgbà ti ṣèpàdé. Wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì. Mo kọ ọ́. Gbólóhùn kan ló wà nínú rẹ̀: "Mo ṣì mọ gbogbo àwọn orin yòókù."

Mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé.

Àjíbíkẹ́.


Winnipeg.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má ní kí n dìde.

Mo pe Àǹkù Adéyanjú. Mo ní mi ò ní kí wọ́n sun ún, mo kàn ní kí wọ́n kó o kúrò ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo rán mi. Ibo lo rò pé mo fẹ́ kó o lọ?" Mo ní kí wọ́n lọ bẹ̀ yín, wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Kì í ṣe torí Ọlọ́run ni mo fi ṣe é, Màámi. Torí ẹ̀rín tí ẹ̀gbọ́n Tófúnmi fi sídìí fídíò yẹn ni. Ojú tì mí. Tófúnmi ti ka àwọn lẹ́tà yín, ọjọ́ mẹ́ta rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Mo rántí ohun kan lánàá níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ bá ń fọ yunifọ́ọ̀mù wa, ẹ máa ń fi imú kọ orin kan. Bí Bàbá bá ti wúkọ́ ní pálọ̀, ẹ máa ń dákẹ́. Mo máa ń rò pé orin náà ló parí síbẹ̀ ni.

Mo ń wá àwọn àwo náà kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iye yòówù kó jẹ́, màá rà á. Ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe.

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Ọlágòkè.


Mowé.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin.

Àkànní,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Dìde nílẹ̀, òtútù á mú ọ.

Má ra àwo kankan. Zubair ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti gbé e wá, Bàbá Ògúnlàdé náà sì ti ń bá wa jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbà pẹ̀lú mi lórí okùn tó já, Zubair sì ń bínú sí àwa méjèèjì.

N kò tíì dárí jì ọ́. N kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gbóná nínú mi, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó bí mo ṣe bo ti bàbá rẹ.

N kò ní wá sí Kánádà. Fi físà yẹn sínú dúróà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá ní oṣù Kejìlá, ìwọ, Tófúnmi àti àwọn ọmọ mi. Bí o bá dé, kí o jẹun, kí o sùn, kí ara rẹ fi balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wá jókòó sí pálọ̀ mi. Màá kọ gbogbo àwo kẹta fún ọ, láti orin kìíní dé orin ìkẹyìn. Ibi tí gìtá bá ti dá sọ̀rọ̀, màá fi ẹnu ta á. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni. O ò ní sọ̀rọ̀, o ò ní wo fóònù, o ò sì ní wúkọ́.

Bí mo bá parí, kí o wá sọ fún mi, lójú mi báyìí, ohun tí o ní kí wọ́n kó kúrò nílé mi.

Ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́.